Má Ṣe Gbé Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù Wọ̀

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 17:32-50

Ohun tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí kan òbí, ó kan ọmọ, ó sì kan ìjọ Ọlọ́run pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àṣeyọrí ni. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ ṣe àṣeyọrí. Ẹni tó ń ta gàrí fẹ́ kí ọjà òun tà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ yege, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá fẹ́ gba fúrídọ̀ọ̀mù kí òun náà lè dá dúró. Ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ọ̀nà wo ni a fẹ́ gbà dé ibẹ̀? Bí a bá sì débẹ̀ tán, ṣé àwa fúnra wa ni yóò débẹ̀, àbí ẹlòmíràn tí a gbé wọ̀ bí aṣọ?

Ẹ rántí ọjọ́ tí Dáfídì fẹ́ lọ pàdé Gòláyátì. Ọba Sọ́ọ̀lù bọ́ ìhámọ́ra tirẹ̀, ó fi wọ ọmọ náà. Ó fi àṣíborí idẹ dé e lórí, ó wọ ẹ̀wù ogun fún un, Dáfídì sì sán idà mọ́ ìdí. Ohun tó dára ni o, nítorí ohun ìjà ọba ni. Ẹlòmíràn ìbá ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kó dúpẹ́, kó sì máa fi yangàn fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ti ń fojú ọmọdé wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì gbìyànjú láti rìn nínú rẹ̀, kò lè rìn. Ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ọ̀pá darandaran rẹ̀, ó ṣa òkúta márùn-ún tó ń dán nínú odò, ó mú kànnàkànnà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ. Àwọn àgbà wa náà mọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kò yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Èkíní, Dáfídì kò tijú ohun tí òun jẹ́. Darandaran ni, bí darandaran ló sì ṣe jáde. Èkejì, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dojú kọ ewu. Nínú igbó, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o, ló ti ń ṣọ́ àgùntàn baba rẹ̀, ibẹ̀ ló ti bá kìnnìún àti béárì jà. Ẹ̀kẹta, kò pe ìṣẹ́gun náà ní tirẹ̀. Ó sọ lójú gbogbo ogun pé Olúwa ló ni ìjà. Jíjẹ́ ara ẹni, iṣẹ́ àṣekára àti ìrẹ̀lẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń rìn. Bí o bá yọ ọ̀kan, èyí tó kù kò ní lè dá dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn, ní ilẹ̀ àwọn Júù, ẹ jẹ́ kí á wá sí ilẹ̀ tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí ọmọkùnrin kan ní Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjàyí. Ní 1821, ogun kó ìlú náà. Wọ́n mú Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Báyìí ló ṣe dé Èkó, tí àwọn Potogí rà á sínú ọkọ̀ ẹrú. Ṣùgbọ́n ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, wọ́n tú àwọn ẹrú sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

Ọmọ tí wọ́n ti fi ẹṣin pààrọ̀ rí, kí ni ì bá tún ní láti fi yangàn? Àjàyí gbé ìwé. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti mọ ìwé kà. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní 1827 ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ gòkè odò Ọya, níbi tí ibà ti pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà. Ní 1843 wọ́n fi í jẹ oyè àlùfáà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí. Òyìnbó ló kọ́ ọ níwèé, òyìnbó ló fi í jẹ àlùfáà, aṣọ òyìnbó ló ń wọ̀. Ó rọrùn fún un láti di òyìnbó dúdú, kó gbàgbé èdè tí wọ́n fi tà á lẹ́rú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1843 kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Nígbà tó padà sí Freetown, ó dúró níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ti kó lẹ́rú bíi tirẹ̀, ó sì wàásù fún wọn ní Yorùbá. Òkúta inú odò tirẹ̀ nìyẹn. Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀, kànnàkànnà ló mú.

Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi owó rà. Ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfálá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fojú inú wò ó. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Èdè wo ni ẹ rò pé ọmọ náà fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ Jésù? Ká ní ó ti ju èdè yẹn nù ní Sàró nítorí pé ó ti di ọ̀mọ̀wé, ògbufọ̀ ni ì bá máa wà láàárín òun àti ìyá tó bí i.

Wọ́n wá dojú kọ iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Àwọn mìíràn wà nínú rẹ̀, ọmọ Yorùbá àti òyìnbó. Ṣùgbọ́n òun ni òpó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti bí sínú èdè náà kò sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, ó ń kó òwe jọ, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó péye. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi àlùfáà, wòlíì àti àdúrà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti wọ inú èdè wa. Nítorí pé ó yé àwọn ènìyàn, ó wà nínú Bíbélì wa títí di òní. Ẹni tó gbéraga kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí agbéraga kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì kò jáde títí di 1884. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1843 tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ẹni bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní 1864, ní Canterbury, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Kò sáré sí i. Ó lọ́ tìkọ̀, títí tí Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, fi rọ̀ ọ́ kó tó gbà. Ẹni tó ń wá oyè kiri lónìí, tó ń kó àpò owó lẹ́yìn kí wọ́n lè pe òun ní baba ìjọ tàbí ìyá ìjọ, kó jókòó ti ìtàn yìí díẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà wá sínú ilé tiwa. Lọ́dọọdún, bí ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ gíga bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí kan a máa gbé ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti kàwé láti ọdún pípẹ́, wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ. Owó ni wọ́n ń san fún un. Nínú àwọn òbí wọ̀nyí, a rí ẹni tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, a rí ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí àbájáde ìdánwò náà lè dára. Bí ó bá wá dára tán, wọ́n á wá ṣe ìdúpẹ́ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú ijó.

Ẹ̀yin òbí, kí ni ẹ fi wọ ọmọ yín yẹn? Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù ni. Àṣíborí náà ń dán, gbogbo àdúgbò ń kan sáárá, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè rìn nínú rẹ̀. Bó bá wọ yunifásítì, ọdún kìíní kò ní tíì parí tí yóò ti máa wá ẹni tí yóò tún kọ ìdáhùn fún un. Bó bá gba iṣẹ́, ẹ̀rù ni yóò máa bà á kí wọ́n má lọ bi í ní ìbéèrè. Ohun tó tún burú jù ni pé ẹ ti kọ́ ọ pé ohun tí Ọlọ́run fi sínú rẹ̀ kò tó. Ẹ ti fi owó yín sọ fún un pé ẹ kò gbà á gbọ́. Ọmọ tó ti kọ́ èyí nílé, ẹ má ṣe yà á lẹ́nu bó bá dàgbà tán tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóru, tó ń pe ara rẹ̀ ní òyìnbó fún ẹni tí kò rí i rí, tó ń lu jìbìtì. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ ló ń ṣe, ó kàn fi tirẹ̀ kún un ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ìwọ tí o lu ìdí kóńgò wọnú kí ẹ̀wà má baà kún un, ìwọ tí o da nǹkan mọ́ epo pupa kó lè pọ̀, Òwe 11:1 sọ bí òṣùwọ̀n èké ti rí lójú Olúwa. Ìwọ ọ̀dọ́ tí ọ̀gá ní kó o kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tí o sá kúrò ní ọdún kan àbọ̀ nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ ti ń gun ọkọ̀, iṣẹ́ tí o kò kọ́ parí yóò máa tú ọ fó lójú oníbàárà. Òwe 13:11 kìlọ̀ fún wa pé ọrọ̀ tí a kò fi làálàá kó jọ yóò máa dín kù ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o jọ yóò máa pọ̀ sí i. Àwọn baba wa náà sọ ọ́ ní tiwọn pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń ka èyí tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ń sọ lọ́kàn pé, "Ẹ̀yin oníwàásù, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu yín. Mo ti ṣe òtítọ́ títí. Kóńgò mi kún, ọmọ mi kò jí ìdánwò wò, mo ń jí lọ ṣíṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Síbẹ̀ owó ilé ni mo ń jẹ, ẹni tó ń ṣe èrú sì ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà." Arákùnrin mi, arábìnrin mi, n kò ní bá ọ jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. N kò sì ní sọ fún ọ pé bí o bá ti ṣe òótọ́ lónìí, mọ́tò yóò dé ní ọ̀la. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń pa, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi irọ́ yẹn sọ ìgbàgbọ́ ènìyàn nù. Dípò bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n parí ìtàn Àjàyí fún ọ, nítorí n kò tíì sọ ìparí rẹ̀.

Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù náà darúgbó tán, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó kan dé sí ìpínlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní odò Ọya. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lé púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onítṣà, baba tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí àwọn tó ń bá a jà kò tó ọmọ tó bí, fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 1891, ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní ìwọ lo wà níbi ìsìnkú náà, tí ẹnì kan bi ọ́ léèrè bóyá ọkùnrin yìí ṣe àṣeyọrí, kí ni ìwọ ì bá sọ?

Ṣùgbọ́n bojú wo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ. Bíbélì Yorùbá tó wà níbẹ̀, tí ìyá rẹ àgbà fi ń gbàdúrà fún ọ, tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ níjọ́ ìgbéyàwó, láti ọwọ́ Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló mọ orúkọ wọn nínú wa? Ní 2014, tó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, tọrọ àforíjì ní Canterbury kan náà fún ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ènìyàn lè gba ipò lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n lè gba àga, wọ́n lè gba owó. Iṣẹ́ tí a fi òtítọ́ inú ṣe fún Olúwa, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè fọwọ́ sí ìwé kó sì gbà á. Ìdí nìyí tí Kólósè 3:23 fi ní kí á máa fi gbogbo ọkàn ṣe iṣẹ́ wa bí ẹni tó ń ṣe é fún Olúwa. Ọ̀gá lè má san án, ọjà lè má san án. Olúwa kì í jẹ gbèsè.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin olórí ìjọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo sì fi ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa ń wò wá. Bí ọ̀dọ́ kan tí a mọ̀ pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́ bá gbé mọ́tò olówó ńlá wọ ọgbà ìjọ, tí a kò bi í léèrè, tí a gbà á sí ìjókòó iwájú, tí a gba owó rẹ̀ fún àjà ilé ìsìn, tí a sì gbójú fo káfíńtà tó ń fi ìdámẹ́wàá owó òógùn rẹ̀ wá ní gbogbo oṣù, ìwàásù wo ni a tún fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ náà nípa iṣẹ́ àṣekára? Jákọ́bù orí kejì ti bá wa wí lórí ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ pe ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ sí olóòótọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ télọ̀, ì báà jẹ́ alágbàfọ̀, kí ẹ jẹ́ kó jẹ́rìí níwájú ìjọ. Àwọn ọmọ yóò gbọ́ èyí ju ìwàásù lọ.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ohun mẹ́ta ṣe nínú ilé wa lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá jókòó níbi àdúrà ìdílé, kí olúkúlùkù dárúkọ ohun kan tí Ọlọ́run fi sí òun lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré tó. Kí ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù kan wà lára yín: gbèsè tí a jẹ nítorí aṣọ ẹbí, ìwé ẹ̀rí ayédèrú, òṣùwọ̀n tí kò pé, orúkọ tí kì í ṣe tiwa. Kí ẹ sì bọ́ ọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ máa ná yín ní ìtìjú díẹ̀. Ojú lè ti Dáfídì díẹ̀ nígbà tó bọ́ aṣọ ọba sílẹ̀ lójú àwọn jagunjagun. Ṣùgbọ́n kò bá ti lè jagun nínú rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, a dúpẹ́ fún bí o ti dá wa àti fún ohun tí o fi sí wa lọ́wọ́. Dárí jì wá níbi tí a ti fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, tí a sì yá aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Fún àwọn ọmọ wa ní ọkàn tí kò tijú òtítọ́ àti ọwọ́ tí kò kọ iṣẹ́. Gbé ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ṣòro ró, kó má baà fi òtítọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá sì gbé wa ga, má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé ẹni tó gbé wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.